Ilé Kẹrin sí Ààfin

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kìn-ín-ní, 1983. Odode, Ìdànrè.

Mo délé. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí dẹ́rẹ́bà ń sọ páálí kalẹ̀ látinú bùtù, ó sì bi mí bóyá fìríìjì ni mo rà fún òun. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó ní, "Ó dára, kó máa bọ̀," bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ láti ọdún Kérésì.

Ibi iṣẹ́ mi ní Èkó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tuntun yìí, èyí tí díìsì líle wà nínú rẹ̀, lè fara da eruku ọyẹ́ àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ sí ìlú kékeré fún nǹkan bí oṣù méjì. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. N kò sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé, ọ̀gá wa, pé ojú Bàbá ni mo fẹ́ wá wò. Àbúrò Bàbá obìnrin, Ìyá Atosin, ló ránṣẹ́ sí mi kí ọdún tó parí. Ó ní, "Túnráyọ̀, bàbá rẹ ń gbàgbé nǹkan, kì í sì í ṣe ìgbàgbé àgbà lásán."

Mo gbé ẹ̀rọ sí pálọ̀, lábẹ́ fọ́tò Màmá, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Láti ìdí tábìlì ni mo ti ń wo àwọn òkè. Kùrukùru ti gbé ìdajì wọn pamọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Eruku lórí eruku. Ètè mi ti bẹ́. Mo fi ìró Màmá kan bo ẹ̀rọ.

Ọjọ́bọ̀, 13

Gbogbo òní ni mo fi pín díìsì sí yàrá yàrá. Àwo méjì ló wà nínú rẹ̀, ó jẹ́ ojú mẹ́rin, wọ́n sì dé e pa sínú irin bí ẹja inú agolo. Ojú kọ̀ọ̀kan ní òrùka 153, ọ̀kan nínú èkejì. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní yàrá 32. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń gba lẹ́tà 256, kò gba ẹyọ kan lé e. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni pé ó ń gba mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé. Nígbà tí mo pín in tán, ẹ̀rọ ní mílíọ̀nù márùn-ún ó lé díẹ̀ ni: 5,013,504.

Bàbá ti jókòó tì mí láti àárọ̀. Ó bá mi bínú sí wọn.

"Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Dá a padà fún wọn."

"Wọn ò rẹ́ mi jẹ, Bàbá. Ti páálí yẹn, ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n wọ̀n. Tí a bá wá kọ́lé sí i, yàrá kọ̀ọ̀kan á ní ògiri àti ẹnu ọ̀nà. A ó sì kọ ibi tó wà sára ẹnu ọ̀nà rẹ̀: òrùka wo, ojú wo, yàrá wo. Ẹ̀rọ á ka ìyẹn kó tó wọlé, kó má baà wọ ilé onílé."

"Ògiri ló wá jẹ ilẹ̀ yòókù."

"Ògiri ló jẹ ẹ́, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Òkè, ìlú wa àtijọ́ lórí àpáta, pé bí bàbá òun ṣe ń la yàrá fún ìyàwó tuntun ni àyè tí àwọn ọmọ ti ń ta ayò ń há. Inú mi dùn. Lójú mi, ọkùnrin yìí kò gbàgbé nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mo ti gbàdúrà kí Ìyá Atosin ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ. Kò ṣì í.

Bàbá ti jẹ́ kátíkíìsì nínú ìjọ yìí kí wọ́n tó bí mi. Òun ló kọ́ ìdajì Odode ní Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì. Lónìí, nígbà tí gbogbo wa dìde láti kà á, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lọ geere. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti sin Olúwa wa, ó dákẹ́. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń wo pẹpẹ bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní ìlú tí kò mọ̀. A jíǹde, a gòkè re ọ̀run, a parí rẹ̀, Bàbá ṣì wà níbi ìsìnkú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ́ kí n dì í mú.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó pè mí.

"Yàrá mélòó lo ní ó wà nínú nǹkan yẹn?"

"Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀kẹ́ kan, Bàbá."

"Àwọn ùlé Òkè kò tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kù tó mọ̀ wọ́n létòlétò. Kó wọn síbẹ̀ kí n tó dà wọ́n nù."

Ó sọ ọ́ láìgbójú sókè, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, kí a lọ ká aṣọ. Èmi ni mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Ọjọ́rú, 19

A bẹ̀rẹ̀. Bàbá á di ojú, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á sì máa rìn. Ọmọdékùnrin ló jẹ́ nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Odode níbí, àmọ́ ó ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán kiri, kò sì sí ilé tí wọn kò rán an dé. Ó ń lọ láti ojúlé sí ojúlé. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ oríkì tí wọ́n fi ń jí ọmọ ilé náà láàárọ̀. Èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ àmì ohùn, kò mọ lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá ń wọlé láìwọ bàtà.

A ti fi ẹnu kò. Ẹsẹ̀ ilé kan tó tò lọ lórí ìlà kan, òrùka kan. Ilé kan, yàrá kan. N kò kọ orúkọ onílé sí i kí àyè lè tó oríkì, nítorí yàrá kò tóbi. Bàbá ní kò burú. "Ní Òkè, wọn kì í béèrè orúkọ ilé. Ibi tó wà ni wọ́n ń béèrè."

Ìyẹn gan-an ni òfin díìsì. Bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́ ní Èkó, ọ̀gá mi ni ì bá jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Gààrì ti gbówó lórí ní Odode, wọ́n ní ti Àkúrẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná igbó jó oko ẹnìkan lọ́nà Atosin. Afẹ́fẹ́ ń rùn bí ewé kòkó sísun, àmọ́ a tẹ oríkì ilé mẹ́tàdínlógún, Bàbá kò sì gbàgbé ìkankan.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ìyá Atosin wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń wo ìyàwó àkọ́fẹ́ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò fẹ́ràn rẹ̀. Lórí gíláàsì, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 4,896. Bàbá rántí, ó dìde jókòó.

"Àná, o ní 5,013. Ó tún ti dín!"

Kì í ṣe àná, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ ó rántí iye náà ṣánṣán. Mo ní kò dín. Ẹgbẹ̀rún àwọn tó ta á ni ẹgbẹ̀rún tiwa. Ti ẹ̀rọ jẹ́ 1,024, nítorí ìlọ́po méjì ló máa ń kà: èjì, ẹ̀rin, ẹ̀jọ, ẹ̀rìndínlógún, títí lọ. Iye tó ń gbà kò yí padà, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.

Ìyá Atosin pàtẹ́wọ́. "Kóńgò ni! Ẹni tó tà á fi kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ wá fi kóńgò gidi wọ̀n ọ́n. Mo ti mọ irú wọn." Láti ìgbà náà ló ti fẹ́ràn ẹ̀rọ. Ó bu èkùrọ́ díẹ̀ sílẹ̀ fún un lórí tábìlì, ó ní kó máa jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kejì

Ọyẹ́ mú gan-an, òkè kò sí mọ́ rárá, ojú ọ̀run ló kù. Mo sùn lọ́sàn-án nígbà tí Bàbá ń sinmi. Mo lálàá pé mo wà lókè ìlú àtijọ́, lójú ọ̀run, mo súnmọ́ òrùlé débi pé mo lè fọwọ́ kàn án, n kò sì fọwọ́ kàn án. Èmi dúró sójú kan. Ìlú ló ń yí lábẹ́ mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo ẹnu ọ̀nà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà kan jókòó ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ orúkọ ibi tí mo wà fún mi bí mo ṣe ń kọjá. Ara mi fúyẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣáà ní sùúrù, tiwa yóò yí dé ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí mo jí, mo sọ ọ́ fún Bàbá. Mo ní bí orí tí ẹ̀rọ fi ń ka díìsì ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kì í fara kan àwo, atẹ́gùn ló gbé e dúró. Ó kàn ń sún sí òrùka tó fẹ́, á wá dúró kí yàrá yí wá bá òun.

"Kò sáré lọ?"

"Kò sáré lọ, Bàbá. Ó ń dúró."

Ó ní, "Èmi náà ń dúró. Nígbà mìíràn kì í yí wá mọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

A parí. Ilé tó lé ní igba. Mo se ìrẹsì, mo pa adìyẹ kan. Bàbá jẹ itan, ó tún jẹ èkejì.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú gbogbo oríkì tó kà, èwo ni tiwa? Kò dúró níwájú ilé kankan kó sọ pé tiwa rèé. Bó ṣe kọjá níwájú ilé àwọn ẹlòmíràn ló ṣe kọjá níwájú tiwa náà.

Ojú tì í díẹ̀. Ó ní ìyá bàbá òun ló ń fi í jí òun, pé òun kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn láti ìgbà tí ó ti kú, kò sì rọrùn láti fi ẹnu ara ẹni pe ara ẹni. "Ẹsẹ̀ ilé tó ti Ààfin wá. Àwa la ṣe ìkẹrin sí Ààfin. Ọjọ́ tí n kò bá mọ ara mi mọ́, Túnráyọ̀, kà á sí mi létí. Má fi orúkọ mìíràn pè mí. Ìyẹn ni kó o fi pè mí."

Mo ṣèlérí. Mo ṣírò ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ilé náà wà ní òrùka 12, ojú 2. Ẹ̀rọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ení, òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń torí ẹ̀ ṣìnà. Èmi kì í ṣìnà níbẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ààfin ni òdo, tiwa jẹ́ ìkẹrin sí i, ó di yàrá 4. Òrùka 12 lọ́nà ojú mẹ́rin, fi ojú 2 kún un, sọ ọ́ di ìlọ́po 32, fi 4 lé e. Yàrá 1604 láti ìbẹ̀rẹ̀ díìsì. Bí ẹni fi sápò ni.

Ọjọ́rú, 16. Ọjọ́rú Eérú.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó bi mí pé ta ló fi èédú kun òun níwájú orí. Mo ní fádà ni. Ó ní, "Kí ni mo ṣe é?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Ọjọ́ burúkú. Ní àárọ̀ ó pè mí ní Ìyá àgbà, ó ní ṣé ẹ̀kọ ti jinná. Ó ti kó bàtà rẹ̀ sínú ìkòkò omi. Mo ní kò sí ìgbà mìíràn tó tún ju báyìí lọ. Mo tan ẹ̀rọ, mo pe 1604, mo ka ohun tó wà níbẹ̀, mo wá ń fi ohùn sí i lórí bí mo ṣe ń lọ:

"Dìde, ọmọ a-fi-ewìrì-jí-ìlú, iná bàbá rẹ kì í sùn..."

Bàbá yí ojú padà sí mi. Ojú náà mọ́ kedere.

"Èyí kì í ṣe tèmi. Ti Adésànyà nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n."

"Bàbá, ilé kẹrin sí Ààfin ni. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Ti Adésànyà ni mo ní. Àwa kò ní ewìrì rí." Ó na ọwọ́ síwájú kí n má baà kà á lọ. "Má fi orúkọ olórúkọ pè mí mọ́. Ó ń dùn mí."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ mí láàárọ̀, kò mọ oríkì ara rẹ̀ lọ́sàn-án. A ti pẹ́ jù. Mo rò pé n ó ní agbára ju báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 24

Tàbí kì í ṣe Bàbá ló ṣì í? Olúlékè wẹ́dà ń jó irin nítòsí wa, gbogbo ìgbà tó bá fi ọ̀pá kan irin ni iná wa máa ń wálẹ̀. Bí iná bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ̀wé, ó lè kọ ilé kan sórí ilé mìíràn. Mo lọ bá a. Mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní ó ti ba ohun tí owó kò lè rà jẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Sísítà, èmi? Irin géètì lásán ni mò ń jó o." Mo kọjú sílé.

Mo yẹ gbogbo díìsì wò láti òrùka kìíní dé ìparí. Gbogbo yàrá pé, kò sí èyí tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wọn kò ní orúkọ lórí, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi èwo ni ti ta ni àfi ọkùnrin tó ti ní kí n má kà á sí òun létí mọ́. Ìyá Atosin kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè. N kò lè máa fi igba ilé dán Bàbá wò. Bí mo bá tún fi orúkọ olórúkọ pè é, kò ní jẹ́ kí n tún pè é mọ́ láé.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹta

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé ti ránṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò wá gbé ẹ̀rọ. Yóò tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé fún mi ní Èkó, ó ní kí n má fòyà. Ìwé kọ́ ni wàhálà mi. Igba oríkì lórí ìwé, èwo ni n ó fi pe bàbá mi?

Ooru. Ọyẹ́ ti lọ, òkè ti padà sí àyè rẹ̀, ó dúdú, ó súnmọ́ wa. Ìyá Atosin yà kí wa, ó sì ń kánjú lọ sóko. Ó ní ọjọ́ kẹta òní ni òun yóò padà wá, kí n ṣe ọbẹ̀ ilá de òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kíákíá.

Ìyá Atosin dé lọ́sàn-án yìí, ẹrù lórí, ó ń béèrè ọbẹ̀ ilá. Kò sí ọbẹ̀ ilá. Mo ní, "Ẹ ò ní ọjọ́ kẹta ni? Mo ti ń retí yín ní ọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀? Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì." Ó fi ìka hàn mí. "Mélòó nìyẹn?"

"Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú lẹ sọ ọ́, Mà. Láti Ọjọ́rú, ẹ ka mẹ́ta sí i, ó di Àbámẹ́ta."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ńkọ́? Òun kì í ṣe ọjọ́? Túnráyọ̀, irú ìṣirò wo ni wọ́n kọ́ ọ ní Èkó? Tí wọ́n bá ní kó o ka ara ilé yìí, ìwọ náà kò ní ka ara rẹ mọ́ ọn?"

Ìjẹta. Ọjọ́ márùn-ún ọjà. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń ka òní mọ́ ọjọ́, tí kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀rọ yìí ló gba orí mi fún oṣù méjì. Nígbà tí Bàbá ní àwọn ṣe ìkẹrin sí Ààfin, Ààfin ni ó fi ṣe ení. Ààfin, èjì, ẹ̀ta, àwa. Èmi wá fi Ààfin ṣe òdo, mo tún ka odidi mẹ́rin síwájú, mo kọjá ẹnu ọ̀nà wa, mo lọ kanlẹ̀kùn ilé Adésànyà alágbẹ̀dẹ.

Bàbá mọ̀. Ó mọ ilé tí mo wà. Ó sọ ọ́ fún mi, mo wá ń bá a jiyàn, mo sunkún lé e lórí.

Yàrá 3. 1603. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Kò sí iná.

Ọjọ́ kan náà, nírọ̀lẹ́

Iná kò tíì dé. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa, ti Olúlékè wẹ́dà ni. Ó ti lọ sí Àkúrẹ́ lọ ra ọ̀pá, ọ̀la ló ń bọ̀. Mo ń rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i. Ìyá Atosin ti ṣe ọbẹ̀ ilá fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹta

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé ti dé kí a tó jẹun àárọ̀, Àkúrẹ́ ló sùn. Bàbá kí i dáadáa, ó pè é ní Fádà. Nígbà tí mo gbé tíì fún Bàbá, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì bi mí pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Mo sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ orúkọ tó dára.

Mo ní kí ọ̀gá mi jọ̀wọ́ fún mi ní àyè díẹ̀. Olúlékè dé. Mo lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Sísítà, ẹ fẹ́ kí èèyàn rí wa?" Kí n tó ṣàlàyé tán, ó ti ń yí jẹnẹrétọ̀ bọ̀ lórí ọmọlanke.

Díìsì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ohùn rẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró sórí ohùn kan, bí ẹni tó ń wá ohùn orin kó tó dá a. Mo tẹ 1603. Kí n tó mí, ó ti yí wá bá mi. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ láìní àmì. Mo rọra ń fi ohùn sí i lọ́kàn, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ohùn Bàbá ni mo fi sí i. Mo dà á kọ sẹ́yìn àpò ìwé ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ já. Yàrá ti kún, lẹ́tà 256, kò gba ẹyọ kan lé e. Mo ti tẹ ìyókù nígbà náà, ẹ̀rọ sì ti gé e sọ nù láìsọ fún mi.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé ti ń di páálí. Mo jáde síta kí ojú mi lè gbẹ. Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn mi, kò rí ojú mi.

"Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo gbé àpò ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo sì fi pè é:

"Dìde, ọmọ a-sùn-lókè-gbọ́-ohùn-ìsàlẹ̀.
Kùrukùru bo ilé bàbá rẹ, kò bo orúkọ.
Ọmọ a-sá-ẹ̀pà-sórí-àpáta, ẹyẹ ò jẹ ẹ́.
Ilé tí kò ní ọgbà, tí òkè ń kí láàárọ̀.
Dìde, omi ti gbóná lórí ààrò.
Dìde, ìyá rẹ ti gbá ẹnu ọ̀nà.
Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn wa, kó má dúró,
òun náà ti..."

Ibẹ̀ ló já sí. Kò sí nǹkan mọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé dáwọ́ páálí dídì dúró. Bàbá gbé orí sókè, ó jókòó gbọn-in, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá nǹkan lórí orúnkún rẹ̀. Mo dúró. N kò ràn án lọ́wọ́, n kò sáré, mo kàn dúró.

"...ti di ará ilé," ni Bàbá wí.

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀, kò ṣì í níbì kankan. Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá kí a tan ẹ̀rọ padà, kí a fi ìyókù sí i. Mo ní yàrá yẹn ti kún.

Bàbá ṣì ń wò mí. N kò rò pé ó mọ orúkọ mi.

Ó ní, "O ṣì dúró síta. N kò ní kó o wọlé ni?"

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé.